Olóòtú, kì í ṣe bí afẹ́fẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni o

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá.

Mo ka ohun tí ìwé ìròyìn yín gbé jáde lórí ẹ́ńjìnnì tọ́báìnì tó ń lo gáàsì, inú mi sì dùn gan-an pé ẹnìkan tiẹ̀ jókòó, ó kọ irú ẹ̀ ní Yorùbá, torí àwa tá à ń fọwọ́ ara wa tú nǹkan yìí palẹ̀ tá a tún ń tò ó padà, a kì í rí i kà lédè wa. Àmọ́ mo dé ibì kan tí wọ́n ti ní ayé ti rí irin tí iná ò lè mú mọ́, pé òun ló jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì òde òní lágbára tó bẹ́ẹ̀, mo rọra gbé ìwé yẹn sílẹ̀. Mo tún gbé e. Ìlà mélòó kan sísàlẹ̀, mo tún kàn án pé wọ́n máa ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí irin yẹn, pé bí atẹ́gùn bá ṣe pọ̀ tó náà ni irin á ṣe tutù tó. Háà! Mi ò bínú sí ẹni tó kọ ọ́ o, ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n tí mo bá dákẹ́ lórí ìyẹn, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tó ń ka ìwé yín á máa fi bá mi jiyàn.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí irin. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ló ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra, epo á jó pẹ̀lú ẹ̀ nínú ilé iná, gáàsì gbígbóná tó bá jáde níbẹ̀ ló ń yí àwọn bíléèdì. Vane ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, ìyẹn àwọn abẹ́ tó dúró gbári ní ẹnu ilé iná, tí kì í yí, tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ kó máa darí gáàsì gbígbóná sára àwọn bíléèdì tó ń yí lẹ́yìn ẹ̀. Irin nickel tàbí cobalt ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á po oríṣiríṣi irin míì mọ́ ọn. Ó le lóòótọ́, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá ti ń lọ sí bí 1,300°C, ó ti ń yọ́ nìyẹn, kó tiẹ̀ tó débẹ̀ ló ti máa ń rọ̀. Gáàsì tó ń jáde látinú ilé iná ẹ́ńjìnnì ńlá òde òní wá ńkọ́? 1,500, 1,600, àwọn kan ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ ro ó wò ná. Irin tó ń yọ́ ní 1,300 ló jókòó sójú ọ̀nà gáàsì 1,600, ó jókòó síbẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí, kò sì yọ́. Ṣé irin ló wá lágbára ju iná lọ ni? Rárá o. Aṣọ ló wọ̀.

Afẹ́fẹ́ laṣọ yẹn. Inú vane kì í ṣe gbagidi, ihò ló wà níbẹ̀, wọ́n á wá lu àwọn ihò wínníwínní jáde sára ẹ̀, ihò tí ẹnu ẹ̀ ò ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà sí mìlímítà kan lọ, lésà tàbí iná mànàmáná ni wọ́n fi ń lu ú, vane ẹyọ kan sì lè ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Wọn kì í lù ú gbọọrọ wọlé o, wọ́n máa ń dà á ní gẹ̀rẹ́, bíi 30 sí 35 dígíríì sí ojú irin, kí afẹ́fẹ́ tó bá ń jáde lè rọra sùn lé irin lórí kó máa ṣàn lọ sẹ́yìn, kó má tọ lọ sáàárín gáàsì. Gáàsì ń sáré kọjá lókè, irin wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ tín-ínrín yẹn wà láàárín àwọn méjèèjì. Òun là ń pè ní film cooling níbi iṣẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "tútù" yẹn tàn yín jẹ. Ẹ̀yìn kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ni wọ́n ti ń yọ afẹ́fẹ́ yẹn, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ sì ti fún un mọ́ra débi pé òun fúnra ẹ̀ á ti gbóná tó 400 sí 600°C, nígbà míì á jù bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ ti pàdánù ọwọ́ nìyẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì 1,600 ṣá, òtútù ni, gbogbo nǹkan ló ní ohun tí wọ́n ń fi í wé. Wọ́n tún máa ń kun ojú vane ní nǹkan funfun kan, seramíìkì ni, zirconia tí wọ́n po yttria mọ́, ìyẹn náà kì í jẹ́ kí ooru tètè ráyè wọlé, àmọ́ kò lè dá a ṣe, tí kò bá sí afẹ́fẹ́ lábẹ́ àti lókè ẹ̀, kò ní pẹ́ bó.

Lọ́dún 1939, nígbà tí wọ́n gbé tọ́báìnì gáàsì àkọ́kọ́ tó ń fún aráàlú níná mànàmáná kalẹ̀ ní Neuchâtel ní Switzerland, gáàsì tó ń wọnú ẹ̀ ò ju bí 550°C lọ, tẹ́ ẹ bá sì pín agbára tó wà nínú epo tó ń jó sí 100, bíi 17 péré ló ń di iná. Lónìí, èyí tó tóbi dáadáa, tí wọ́n bá fi ooru tó ń jáde nídìí ẹ̀ se omi láti yí tọ́báìnì kejì, ó ti kọjá 60 nínú 100. Irin ti dáa sí i láàárín ìgbà yẹn, mi ò ní purọ́ mọ́ irin, ṣùgbọ́n irin nìkan ò lè gbé wa láti 550 dé 1,600. Àwọn ará Jámánì tiẹ̀ ti bọ́ sọ́nà yìí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nickel ò tó wọn lọ́wọ́, ni wọ́n bá ń ṣe bíléèdì oníhò nínú fún ẹ́ńjìnnì bàálù wọn tó ń jẹ́ Jumo 004, wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú ẹ̀. Ìyẹn ò tíì di fíìmù o, inú lásán ni. Fíìmù gan-an, ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nípa ẹ̀ ni pé lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ìwádìí wò ó, yìnyín ni wọ́n fẹ́ lé kúrò lára apá bàálù, afẹ́fẹ́ gbígbóná ni wọ́n ń tú jáde lójú irin kí òtútù má baà mú un. Wieghardt ni orúkọ ẹni tó ṣe é, ará Jámánì, ọdún 1943. Àwọn tó tẹ̀ lé e kàn dojú ẹ̀ dé ni.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ kejì ló mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an, ti pé bí atẹ́gùn bá ṣe pọ̀ tó.

Ṣé ẹ ti rí páìpù omi tó ní ihò kékeré lára rí? Tí omi ò bá fi bẹ́ẹ̀ lágbára, omi tó ń jò yẹn kì í jìnnà, á lẹ̀ mọ́ ara páìpù, á máa ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ títí, gbogbo ara páìpù á tutù rinrin. Tẹ́nì kan bá wá lọ ṣí omi dé òpin, omi náà á ta jáde fíún, á lọ bà sí ọ̀ọ́kán, ara páìpù fúnra ẹ̀ á gbẹ. Omi ti pọ̀ sí i o, páìpù ò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú vane nìyẹn gẹ́lẹ́.

Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ẹ̀ ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní blowing ratio. Kò le rárá: ẹ mú bí afẹ́fẹ́ tó ń jáde ṣe ki tó, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po eré tó ń sá, ẹ wá pín in pẹ̀lú bí gáàsì gbígbóná náà ṣe ki tó lọ́nà eré tiẹ̀. Fún ihò róbótó lásán, ibi tó ti máa ń bo irin dáadáa jù ni bíi 0.5 sí 0.6. Tó bá ti ń sún mọ́ 1, tó ń kọjá ẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn á gbéra ńlẹ̀, á fi irin sílẹ̀, á wọ àárín gáàsì lọ, iṣẹ́ ẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó sì tún ní ìwà kan tó burú jùyẹn lọ. Tó bá ti gbéra báyẹn, ṣe ló máa ń pín sí méjì tí á máa yí bí ìjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n á kọjú síra wọn, àwọn méjèèjì á wá máa fa gáàsì gbígbóná gba ẹ̀gbẹ́ wọlé sábẹ́ ara wọn, wọ́n á máa gbé e kan irin. Ẹni tẹ́ ẹ ní kó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló wá ń ṣílẹ̀kùn fún olè yẹn o.

Ohun tí wọ́n fi yanjú ẹ̀, ẹ máa rò pé ọgbọ́n ńlá kan ni, wọ́n kàn yí ẹnu ihò padà ni. Lọ́dún 1974, Goldstein, Eckert àti Burggraf fi hàn nínú ìwádìí wọn pé tí ihò bá rí róbótó nínú, tó wá fẹjú bí abẹ̀bẹ̀ tó bá ń dé ojú irin, eré afẹ́fẹ́ á ti lọ sílẹ̀ kó tó jáde, á tàn sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sùn, ẹ sì lè wá fẹ́ ẹ jù ti ihò lásán lọ kó má gbéra. Títí dòní, ihò onírú ẹnu yẹn náà la ṣì ń bá lára vane. Àmọ́ òun náà ní òpin tiẹ̀, kò sí ihò kan tó ní kẹ́ ẹ máa fẹ́ ẹ lọ ràì.

Àti pé ta ló ń sanwó afẹ́fẹ́ yẹn ná? Ẹ́ńjìnnì ti lo agbára láti fún un mọ́ra kí wọ́n tó yọ ọ́. Gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá yọ láti fi tu irin lára, kò gba inú ilé iná kọjá, kò ṣiṣẹ́ tó yẹ kó ṣe, ó tún lọ dà pọ̀ mọ́ gáàsì ó mú un tutù. Nínú ẹ́ńjìnnì tó gbóná dáadáa, tẹ́ ẹ bá ro gbogbo afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń tu nǹkan lára pọ̀, ó lè tó 20 nínú 100 ohun tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fún. Ìdá kan nínú márùn-ún! Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ya ẹ́ńjìnnì fi ń jà lórí ihò kan ṣoṣo, tí wọ́n á ní ẹ yọ ìlà yìí kúrò, ẹ sún tọ̀hún síwájú díẹ̀.

Ibi tí ihò wà lára vane náà tún lọ́rọ̀ nínú. Imú ẹ̀, níbi tí gáàsì ti kọ́kọ́ ń kọlù ú, wọ́n máa ń kó ìlà ihò jọ síbẹ̀ bí ti ṣáwà balùwẹ̀. Ibẹ̀ léwu, torí gáàsì tó ń kọlù imú yẹn lágbára, afẹ́fẹ́ inú vane sì gbọ́dọ̀ lágbára jù ú lọ kó tó lè jáde, àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì ò sì tó nǹkan, torí gáàsì yẹn, bó ṣe ń gba ara ilé iná kọjá, bíi 3 tàbí 4 nínú 100 péré ló ń sọnù nínú agbára tó fi ń ti nǹkan, ìyẹn nìkan sì ni afẹ́fẹ́ inú vane fi jù ú lọ. Tó bá lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ pẹ́nrẹ́n, gáàsì gbígbóná á gba ihò wọnú vane, àtinú ni yóò ti máa jó o. Ẹ̀yìn vane, ibi tó yọ bí ẹ̀yìn ìjàpá, fíìmù máa ń lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, torí gáàsì tó ń yí ibẹ̀ kọjá fúnra ẹ̀ máa ń tì í mọ́ irin. Ikùn tó wọnú ni kì í fẹ́ dì í mú. Ti ilẹ̀ tí vane dúró lé wá burú jù, nítorí gáàsì tó bá kọlu ìdí vane máa ń ká bí pátákò ẹṣin yí imú ẹ̀ ká, á gbá gbogbo afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ tẹ́ síbẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ó wá rí i tí apá kan ilẹ̀ tutù ju bó ṣe yẹ lọ, tí apá kejì ń jó.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ṣojú mi. Ilé iṣẹ́ kan, mi ò ní dárúkọ, a gbé àwọn vane kan fún wọn kí wọ́n bó ìkunra funfun àtijọ́ kúrò, kí wọ́n kun òmíì. Wọ́n kó o dé, ó funfun báláú, ojú ẹ̀ dán bí ẹyin, gbogbo wa la yìn wọ́n. Ọ̀gá mi ò yìn wọ́n o. Ó gbé ẹyọ kan, ó gbé e sójú iná, ó wò ó títí, ó ní, "Ìwọ, wá so omi mọ́ ọn." Mo so rọ́bà omi mọ́ ìdí ẹ̀, mo rọra ṣí i. Ìlà kìíní jáde, gbogbo ẹ̀ gún régé bí eyín ìyarun. Ìkejì náà jáde. Ìlà kẹta, àwọn kan ń tu itọ́, àwọn kan ń kán tó, tó, tó, bíi méje ò tiẹ̀ mú nǹkan kan jáde. Ọ̀gá mi mú wáyà tá a fi ń wọn ihò, ó fi sí ọ̀kan, kò wọlé, ó fi sí òmíì, ó wọ ìdajì ó há. Ìkunra tí wọ́n fọ́n sí i ti wọ ẹnu ihò, ó ti fún un lọ́rùn. Nígbà tá a pè wọ́n, èsì tí wọ́n fún wa ni pé kò séwu, pé ká kàn jẹ́ kí afẹ́fẹ́ pọ̀ sí i nínú ẹ́ńjìnnì, á gba ibẹ̀ jáde. Ṣé ẹ rí i báyìí pé ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé yín yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán? Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà gan-an ń sọ ọ́.

A dá gbogbo ẹ̀ padà fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti wọ ẹ́ńjìnnì ṣáájú ìgbà yẹn, kí ọ̀gá mi tó bẹ̀rẹ̀ àṣà omi yẹn, nígbà tá a sì wá ti kámẹ́rà oníwáyà bọ inú ẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí mo rí, mi ò lè gbàgbé. Lẹ́yìn ihò tó ṣí, ìlà kan wà tó mọ́ tó gùn sẹ́yìn, bí ipa ìgbín lára ògiri, ìyẹn ni ibi tí afẹ́fẹ́ sùn sí. Lẹ́yìn ihò tó dí, ó dúdú, ìkunra ti bó, irin ti yọjú síta, ó ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí irun. Tó mọ́, dúdú, tó mọ́, dúdú, báyẹn ló tò lọ. Ẹ lè fi ìka tọ́ka ihò tó dí lọ́kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé ẹ rí ihò náà fúnra ẹ̀. Ní iṣẹ́ wa, wọ́n máa ń sọ pé tí irin bá fi bí 30°C péré gbóná ju ohun tẹ́ ẹ ṣírò lọ, ó lè jẹ ìdajì ọjọ́ ayé ẹ̀. Ti ibẹ̀ yẹn ti kọjá 30 dáadáa.

Ojú sánmà pàápàá mọ bí wọ́n ṣe ń dí ọ̀nà. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1982, bàálù British Airways Flight 9, Boeing 747 ni, gba inú eérú òkè ayọnáyèéfín Galunggung kọjá ní Indonéṣíà lóru, ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kú, àwọn èèyàn tó wà nínú ẹ̀ lé ní 260. Eérú yẹn yọ́ nínú ilé iná bíi gíláàsì, ó lọ lẹ̀ mọ́ vane. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì kú tó sì ń tutù ni gíláàsì yẹn tó sán, tó já bọ́, ni wọ́n bá tún rí wọn tan, wọ́n balẹ̀ sí Jakarta. Ní oṣù Kejìlá 1989, ó tún ṣe bàálù KLM kan bẹ́ẹ̀ nítòsí òkè Redoubt ní Alaska, mẹ́rin náà ló kú, wọ́n sì tún wọn tan kí wọ́n tó balẹ̀. Yanrìn aṣálẹ̀ àti eruku lásán náà ń ṣe é, díẹ̀díẹ̀ ni tiwọn, gíláàsì tín-ínrín á máa lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò, tẹ́ ẹ bá ní ẹ ó fi afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i borí ẹ̀, àwọn ihò tó ṣì ṣí lá máa jẹ ẹ́, tí tiwọn náà á wá gbéra ńlẹ̀, tí ìyà á fi di méjì.

Torí náà, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣàtúnṣe, ẹ sọ pé afẹ́fẹ́ tó bá sùn lé irin ni, ẹ yọ ọ̀rọ̀ pọ̀ yẹn kúrò. Fọ́tò tẹ́ ẹ fi sábẹ́ ìtàn yẹn pàápàá, fáànù iwájú ẹ́ńjìnnì bàálù ni, kò sí ihò kan lára ẹ̀, iná ò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ rí. Mo ti fi fọ́tò kan mọ́ lẹ́tà yìí, vane àlòkù tá a gé sí méjì níbi iṣẹ́, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ jáde tó bá wù yín. Ìlà kẹta láti imú, apá òsì, mo fi sọ́ọ̀kì yí i ká.

Èmi ni tiyín,
Ẹni tó ń tún tọ́báìnì ṣe